Ìṣẹ́jú mélòó ló kù kí ọkọ̀ dé? Ẹ sọ òótọ́ fún èrò

Ẹni tó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì rí ní etí títì ńlá ní Ṣábẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà: “Ó ń bọ̀.” Bọ́ọ̀sì tó ti Parakou gbéra, tó ń lọ sí Kútọnu, ó ń bọ̀. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ó ń bọ̀. Ọmọ tó ń bá èrò gbé ẹrù ní ó ti kọjá Kìlìbò. Oní-zẹ́mìjàn kan ní òun gbọ́ pé ó ṣì wà ní Toui. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ṣì ń bọ̀. A kò sọ pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọn kò mọ̀ yìí ti di ohun tó ṣeé mọ̀ láyé òde òní.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Kò kéré. Ìyá tó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá sí etí títì mọ̀ pé oòrùn kì í dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnu ní láti mọ̀ bóyá kí òun dúró de bọ́ọ̀sì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tàbí kí òun yá owó kún owó, kí òun háyà taksí. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní í dé kí ó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán yóò fi àárọ̀ ṣiṣẹ́ lóko. Ọlọ́jà tó bá mọ̀ yóò jókòó ti àtẹ rẹ̀, yóò tà. Ní báyìí, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ títì ni gbogbo wọn ń ná ọjọ́ wọn sí, kò sì sí ẹni tó ń san án padà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní Peckham, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì 12 tàbí 36 níbẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni pé ọkọ̀ dà. Yóò wo fóònù rẹ̀, tàbí pátákó iná tó wà ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀: ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 9, ìṣẹ́jú 14. Bí ó bá rí 14, á rọra jẹun tán. Transport for London, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ìgboro níbẹ̀, ló fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní iBus sínú gbogbo bọ́ọ̀sì wọn, tó lé ní 8,000. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2009. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Níbi tí ilé gíga bá ti dí sátẹ́láìtì lójú, ẹ̀rọ náà á máa ka bí táyà ṣe ń yí àti bí ọkọ̀ ṣe ń yà, kí ó má baà sọnù. Ní 2011, wọ́n jẹ́ kí èrò tí fóònù rẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè fi SMS béèrè pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí èsì sì padà wá bá a.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pátákó iná ló wù wá jù níbẹ̀. Ohun tó wù wá ni pé ilé iṣẹ́ yẹn kò jókòó lé ohun tó mọ̀ lórí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lè kàn, kí ó béèrè pé: ọkọ̀ wo ló ń bọ̀ ní ibùdókọ̀ báyìí, ìṣẹ́jú mélòó ló kù? Ilẹ̀kùn yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní API. Ẹ rò ó bí ìránṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Àlejò kò ní wọ yàrá ọba, ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè lọ́nà tó yẹ, ìránṣẹ́ á wọlé, á mú èsì jáde fún un. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2017, ilé iṣẹ́ ìṣirò owó Deloitte sọ pé èrè tí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń rí nínú ìsọfúnni ọ̀fẹ́ yìí lè tó 130 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún, áàpù tó lé ní 600 sì ni àwọn ènìyàn ti fi ṣe. Ìjọba kọ́ ló ṣe àwọn áàpù náà. Ìjọba kàn ṣílẹ̀kùn ni.

Kí a má sì tan ara wa jẹ. Ará Lọ́ńdọ̀nù pàápàá mọ̀ pé ìṣẹ́jú 2 lè di 7. Nọ́ńbà tó wà lójú fóònù kì í ṣe ohun tí ojú ẹnikẹ́ni rí, ìṣirò ni. Kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ọkọ̀ wà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn. Ó mọ bí ó ti máa ń pẹ́ tó fún ọkọ̀ láti ti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ rẹ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ó wá ro méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá wọ́, èsì á wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí wá sọ́dọ̀ wa, kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tó ti máa ń wọ́, nítorí èrò tí a bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní wo fóònù náà mọ́.

Èyí tó burú jù ni ohun tí àwa ń pè ní ọkọ̀ iwin. Àtẹ àkókò sọ pé ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ gbéra ní aago mẹ́jọ. Ọkọ̀ náà bàjẹ́, tàbí awakọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò gbéra rárá. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó bá mú àkókò tó wà nínú àtẹ, ó gbé e sójú fóònù bí ẹni pé ó rí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Èrò ń wò ó: ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 1, ó dé. Títì ṣófo. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà pòórá, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ láti 30. Kò sí ohun tó ń bí èrò nínú tó ìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: èyí ni ọkọ̀ tí sátẹ́láìtì rí, èyí ni ọkọ̀ tí ìwé sọ pé ó yẹ kó wá. Áàpù tó bá pò wọ́n pọ̀ láìfi àmì sí i ti pa irọ́ fún èrò, kódà bí ẹni tó ṣe é kò bá ní irọ́ lọ́kàn.

Ìròyìn tó ti gbó náà wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ sọ ibi tó wà ní aago 10:00, lẹ́yìn náà ó wọ ibi tí nẹ́tíwọ́kì kò sí. Ní 10:12, fóònù rẹ ṣì ń fi ibi tó wà ní 10:00 hàn ọ́. Ojú ọ̀nà wa mọ irú èyí. Ẹni tó ti pe ilé nínú bọ́ọ̀sì láàárín igbó mọ bí ìpè ṣe ń já. Ìlànà kan tó wà káyé fún iṣẹ́ yìí, GTFS Realtime ni wọ́n ń pè é, gbani nímọ̀ràn pé kí a máa tún ìròyìn ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30, kí ìròyìn nípa ibi tí ọkọ̀ wà má sì gbó ju ìṣẹ́jú àáyá 90 lọ. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní àyè fún aago tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí áàpù wò kì í ṣe “ìṣẹ́jú mélòó ló kù” bí kò ṣe “ìgbà wo ni a gbọ́ èyí.” Bí ó bá ti gbó, kí ó sọ fún èrò pé ó ti gbó. Ó rọrùn láti ṣe. Àwọn tó ń ṣe áàpù kì í fẹ́ ẹ, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo máa ń dára lójú ju àlàyé lọ.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń ṣìnà jù ni kí ọkọ̀ tó gbéra. Bọ́ọ̀sì dúró ní ibùdó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń sọ pé ó wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún, ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jẹun, àwọn ẹlẹ́rù sì ń di ẹrù sórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ bí ẹrù ti kù tó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Lọ́dọ̀ wa ó lè gba àárọ̀ odindi. Ohun tó bójú mu ni pé, títí ọkọ̀ yóò fi jáde ní gáréèjì, kí a má sọ ìṣẹ́jú kankan, kí a kàn sọ pé “kò tíì kúrò ní Parakou.” Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ṣe èrò Ṣábẹ̀ láǹfààní ju nọ́ńbà èké lọ, torí á mọ̀ pé òun lè padà sílé.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí kò yẹ kí a fojú di. Apá méjèèjì títì ní ibùdókọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè pẹ̀lú nọ́ńbà òdìkejì á gbọ́ nípa ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou nígbà tó jẹ́ pé Kútọnu ló ń lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá ọ̀gànjọ́ òru lójú ọ̀nà, àtẹ àkókò àwọn GTFS kì í padà sí òdo. Aago 1:30 òru á di 25:30, kí ó lè jẹ́ ìrìn àjò ọjọ́ kan náà. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ èyí á sọ pé kò sí ọkọ̀. Ọ̀kan sì kan àwa gan-an: aago Lómè fi wákàtí kan kéré sí ti Kútọnu. Ọmọ Ifẹ̀ tó ti Àtàkpàmé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lómè, tó sì fẹ́ bá bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnu, mọ̀ pé òun ń kọjá láti aago kan bọ́ sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà náà ní láti mọ̀ ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí kan gbáko ni yóò fi ṣìnà.

Àpẹẹrẹ kan rèé tí ẹnikẹ́ni lè ṣírò fúnra rẹ̀. Láti Tchaourou sí Ṣábẹ̀ tó bí 100 kìlómítà. Bí bọ́ọ̀sì bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan láìdúró, yóò lo wákàtí kan àti bí 40 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ó ń dúró ní Toui láti já èrò sílẹ̀, ó ń dúró ní Kìlìbò kí àwọn oníṣu lè di ẹrù, ó sì lè bá ọkọ̀ tírélà tó kú sójú ọ̀nà pàdé. Ẹni tó bá sọ pé “ìṣẹ́jú 100” ń fọ́nnu. Ẹni tó bá sọ pé “láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí wákàtí méjì ààbọ̀” ló ń bá èrò sọ òótọ́. Bí ọkọ̀ ti ń súnmọ́, kí ó máa dín àlàfo náà kù. Ìlànà GTFS Realtime ní àyè tí a lè kọ bí àìdánilójú ṣe pọ̀ tó sí, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan síbẹ̀ kò pọ̀. Ní tiwa, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni GTFS tí a ń dárúkọ yìí ti wá? Ìlú Portland ní Amẹ́ríkà ni. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ TriMet níbẹ̀, Bibiana McHugh, rí i pé ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè béèrè ọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kò rí nǹkan kan. Ó kàn sí Google, nígbà tó sì di 2005 wọ́n jọ gbé ọ̀nà kan jáde láti kọ àtẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Kò ní idán kankan nínú. Ìwé kéékèèké mélòó kan ni, lẹ́tà lásán: ọ̀kan fún orúkọ ibùdókọ̀ àti ibi tí wọ́n wà, ọ̀kan fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ìrìn àjò, ọ̀kan fún àkókò. Ọmọ ilé ìwé gíga tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè kọ ti Kétu sí Àjàṣẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí àwọn awakọ̀ bá bá a sọ̀rọ̀.

Bóyá ó tilẹ̀ ń ran èrò lọ́wọ́, àwọn kan ti wò ó. Ní Seattle, níbi tí àwọn ọmọ Yunifásítì Washington ti ṣe áàpù OneBusAway ní 2008, ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé ẹni tó ń lò ó ń fi bí ìṣẹ́jú méjì dín ìdúró rẹ̀ kù sí ti ẹni tó ń wo àtẹ àkókò nìkan. Ìṣẹ́jú méjì kéré. Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni apá kejì: ẹni tí kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé rò pé òun dúró pẹ́ ju bí òun ti dúró lọ, ẹni tó mọ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti dúró ní òkùnkùn létí títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní Seattle pẹ̀lú, ìdúró kì í pẹ́ bíi tiwa. Níbi tí ìdúró bá ti jẹ́ wákàtí, ẹ ṣírò ohun tí ènìyàn lè fi mímọ̀ jèrè.

Àwọn kan á ní ìlú òyìnbó nìyẹn, ọkọ̀ wọn ní àtẹ àkókò, tiwa kò ní. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Nairobi. Matatu ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akérò wọn níbẹ̀. Ti aládàáni ni, kò sí ẹni tó ya ọ̀nà wọn sínú máàpù rí. Àwọn ọmọ Yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti MIT àti Columbia ní Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Groupshot, gbé fóònù dání, wọ́n wọ matatu láti òpin ọ̀nà kan dé òpin èkejì, fóònù sì ń kọ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sílẹ̀. Ọ̀nà tó lé ní 130 ni wọ́n kọ. Ní 2014 wọ́n tẹ máàpù jáde, wọ́n sì fún gbogbo ayé ní ìsọfúnni náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2015 ó ti wà lórí Google Maps. Digital Matatus ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Máàpù yẹn kò lè sọ ìṣẹ́jú tó kù fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹ̀rọ nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé ọkọ̀ tí kò ní àtẹ kò ṣeé kọ sílẹ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wo méjèèjì. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn tó ń ti Parakou tàbí Malanville bọ̀ ní aago tó yẹ kó gbéra, ó ń gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ti èyí, ohun gbogbo tí a ti sọ ṣeé ṣe lónìí. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ti fi GPS sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ nítorí olè, tàbí kí ó lè mọ bí awakọ̀ ṣe ń sáré, ti ní ìsọfúnni náà lọ́wọ́. Òun nìkan ló ń wò ó nínú ọ́fíìsì rẹ̀, èrò tó sanwó ń gbọ́ “ó ń bọ̀.” Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó ṣílẹ̀kùn.

Taksí tó ń ti Kétu lọ sí Pobẹ̀, tàbí èyí tó ń ti Ṣakété lọ sí Àjàṣẹ́, ọ̀ràn mìíràn ni. Kò ní aago. Ìgbà tó bá kún ló ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé áàpù wá tó ń sọ ìṣẹ́jú fún irú ọkọ̀ yìí, ẹ má gbà á gbọ́. Ìsọfúnni tí èrò nílò níbẹ̀ ni iye àyè tó kù: “ọkọ̀ Pobẹ̀ ku èrò méjì.” Akọ̀wé gáréèjì ló mọ èyí, kì í ṣe sátẹ́láìtì. Bí ó bá ń fi fóònù kékeré rẹ̀ ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí èrò kan bá wọlé, ẹni tó wà nílé ní Ìlárá á mọ ìgbà tó yẹ kí òun pe zẹ́mìjàn. Nípa bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tilẹ̀ lè yára kún, torí àwọn tó ń ṣe iyèméjì nílé á jáde. Àwọn onímọ́tò ló máa jèrè rẹ̀ kí èrò tó jèrè.

A ti gbọ́ àwọn tó ń tako irú ọ̀rọ̀ yìí, díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ sì ní èrèdí. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ tún títì ṣe. Kí a tún un ṣe. Kò sí ẹni tó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ń da ọ̀dà sórí kìlómítà kan kò ṣeé fi wé iye tí SMS ń gbà, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń dúró de títì tuntun kò fi lè mọ ibi tí bọ́ọ̀sì dé lórí títì àtijọ́.

Èyí tó dẹ́rù bà wá jù ni ti àwọn adigunjalè. Bí gbogbo ènìyàn bá lè rí ibi tí bọ́ọ̀sì wà nínú igbó lálẹ́, àwọn náà á rí i. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Kò di dandan kí ilẹ̀kùn tí a bá ṣí máa sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ó tó kó sọ ìlú tó ti kọjá kẹ́yìn àti ìgbà tó rò pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lálẹ́, ẹni tó ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ó dáhùn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun kò lè ya èyí sọ́tọ̀, kí ó máa fún wa ní ti ọ̀sán nìkan.

Àwọn awakọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Nọ́ńbà tí a gbé síwájú èrò lè di pàṣán fún awakọ̀. Ọ̀gá á pè é: “Fóònù ní ìṣẹ́jú 20, èé ṣe tó fi di 35?” Awakọ̀ á tẹ iná. A ti sin òkú tó pọ̀ jù lórí títì yìí. Kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ìṣirò bá sọ kì í ṣe àdéhùn tí awakọ̀ ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lè gé owó rẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà ṣìrò. Bọ́ọ̀sì tó bá pẹ́ ni ìṣirò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ìṣirò.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán ní Faransé nìkan, sórí fóònù olówó ńlá nìkan, àwọn tó ń dúró létí títì kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá ọlọ́jà wa mọ owó kà, ó mọ nọ́ńbà tẹ̀, ó mọ ohùn gbọ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà kan tó máa pè, kí ohùn kan dá a lóhùn ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní Bàríbá, pé ọkọ̀ ti kọjá Tchaourou. Àwọn tó ń ta ìpè àti SMS ní orílẹ̀-èdè wa ní gbogbo ohun èlò tí èyí nílò. Kí ìpè náà má jẹ́ olówó gọbọi. Ẹni tó bá ní láti san sefà tó pọ̀ kó tó gbọ́ ibi tí ọkọ̀ wà á kúkú jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Lọ́wọ́ ìjọba, ohun kan péré la ń béèrè: nígbà tí a bá ń fún ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ láti gba ọ̀nà kan, tàbí tí a bá ń ra bọ́ọ̀sì ìgboro tuntun, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìsọfúnni nípa àkókò ọkọ̀ jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Dakar bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì BRT oníná mànàmáná rẹ̀ ní 2024, lórí ọ̀nà tó tó 18 kìlómítà dé Guédiawaye. Ọjọ́ ń bọ̀ tí irú rẹ̀ á dé Kútọnu. Ó rọrùn láti kọ gbólóhùn méjì sínú àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ kan á ní tòun nikan ni, á máa tà á fún wa.

Kí gbogbo èyí tó dé, ohun kan wà tí kò nílò sátẹ́láìtì. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ṣábẹ̀ ní fóònù. Ẹnìkejì rẹ̀ ní Tchaourou náà ní. Kí wọ́n ra pátákó dúdú kan àti ẹfun ìkọ̀wé, kí wọ́n gbé e sí etí títì níbi tí gbogbo èrò ti lè rí i. Bí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá Tchaourou, kí ti ọ̀hún pe ti ìhín, kí ó kọ ọ́: “Ó kúrò ní Tchaourou ní aago 10:15. A gbọ́ ọ ní 10:17. Ẹ máa retí rẹ̀ láàárín 11:45 sí 12:45.” Bí kò bá sì tíì gbọ́ nǹkan kan, kí ó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.